Ẹgbẹ́ rọ́gíbì ọmọdé wo ni kí ẹ mú ọmọ lọ ní London? Ìfiwéra àwọn orogún àdúgbò

Lọ́dọọdún, tí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé sórí fóònù mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ rọ́gíbì wo ni kí n mú ọmọ yìí lọ?" Ẹni tó ń béèrè á ti ka orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, á ti wo ipò tí ẹgbẹ́ àgbà wọn wà nínú líìgì, ọkàn rẹ̀ á sì ti fà sí èyí tó wà lókè jù. Èmi á ní kó gbé ti líìgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń sáré nínú ẹrẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ Sunday ò mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ àgbà borí lánàá tàbí wọ́n nà wọ́n. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n jẹ́ kí òun gbá, tàbí pé wọn ò jẹ́ kí òun gbá.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n lọ wo ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó bá ń pàdé orogún rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánrawò, kò sí kóòṣì tí kò ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tí àdúgbò kejì wá, tí àwọn bàbá to ara wọn sétí pápá tí wọ́n ń pariwo, ìgbà yẹn ni kálukú máa ń fi ara rẹ̀ hàn.

Ọmọkùnrin mi wà ní U10, ìyẹn àwọn tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ, nígbà tí ojú mi là sí èyí. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Oṣù Kìíní ni, òtútù ti mú ilẹ̀ le bí òkúta, àwọn orogún wọn láti ìsàlẹ̀ títì ni wọ́n gbà lálejò. Láti alẹ́ Saturday ni ọmọ ti fọ bàtà rẹ̀ nínú báàfù. Kí a tó jáde nílé, ó ti fi rọ́bà tó ń dáàbò bo eyín sẹ́nu. Eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó bá àwọn di ìgò omi mú. Ó di ìgò omi mú. Ọmọ kóòṣì ò kúrò lórí pápá fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó rántí tèmi, bọ́ọ̀lù ò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀, mo bi í bóyá ebi ń pa á, orí ló kàn mì sí mi. Títí a fi délé, kò yọ rọ́bà yẹn lẹ́nu.

Òfin kan náà ni gbogbo wọn ń kà

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé òfin wà lórí ọ̀rọ̀ náà. RFU, àjọ tó ń darí rọ́gíbì ní England, ní ohun tí wọ́n ń pè ní Half Game: ọmọ tó bá ti wà lára àwọn tí wọ́n kó wá fún eré ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ gbá ìdajì àkókò, ó kéré tán. Wọn ò kọ "àfi tí a bá ń bá orogún wa gbá" síbẹ̀. Òfin yìí de ẹgbẹ́ ńlá, ó de kékeré, nítorí náà ẹnì kan lè sọ pé kò yẹ kó jẹ́ ohun tí à ń fi yan ẹgbẹ́. Òun gan-an ni mo fi ń yàn án, torí pé ìwé kan náà ni gbogbo wọn ní lọ́wọ́, ìwà wọn lórí ìwé náà ni kì í dọ́gba.

Bí eré ṣe ń bá ọmọ dàgbà náà kì í yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. U7 ń gbá mẹ́rin sí mẹ́rin, U8 mẹ́fà sí mẹ́fà. Kò sí ẹni tó ń gbé ẹnì kejì lulẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ pélébé méjì tó lẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì ìbàdí ọmọ ni wọ́n ń já, òun ni wọ́n ń pè ní tag. U9 ni tackle, ìyẹn gbígbé ẹni lulẹ̀, ti ń bẹ̀rẹ̀, méje sí méje. U10 jẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́jọ. U11 jẹ́ mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbà kí ọmọ fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nínú eré. U12 fò sókè di 12, U13 jẹ́ 13, ó wá di U14 kí wọ́n tó pé 15 bíi ti àgbàlagbà. Bọ́ọ̀lù náà ń tóbi sí i: nọ́ńbà 3 títí dé U9, nọ́ńbà 4 láti U10 dé U14, nọ́ńbà 5 lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ni wọ́n fi ń pín ọjọ́ orí, bíi ti ilé ìwé, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn tí ọmọ yín jọ wà ní kíláàsì náà ni yóò máa bá gbá, tàbí tí yóò máa dojú kọ.

Ẹ fojú sí U11 sí U12 yẹn. Láti mẹ́sàn-án ó fò lọ sí méjìlá, lọ́dún kan náà tí àwọn ọmọ ń wọ ilé ìwé girama tí ọ̀pọ̀ ń fi eré sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré tó ní ọmọ mọ́kànlá ní U11 ń gbádùn ara rẹ̀, gbogbo wọn ń gbá dáadáa, kò sẹ́ni tó ń di ìgò mú. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án tó tẹ̀ lé e, ọmọ mọ́kànlá yẹn ò tó gbé ẹgbẹ́ kan jáde mọ́. Wọ́n lè dà pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ìtòsí, ìyẹn orogún wọn àná, tàbí kí wọ́n tú ká. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ pẹ́ níbì kan, ẹ má ṣe béèrè iye ọmọ tó wà ní kíláàsì rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní U13 àti U14 tó ń gbá ní àsìkò yìí.

Ìdàkejì ni ti ẹgbẹ́ ńlá. Ọmọ ogójì lè wà ní U9, méje péré ló sì ń gbá nínú ẹgbẹ́ kan. Ó di kí wọ́n pín wọn sí márùn-ún mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kóòṣì tirẹ̀. Òbí bíi tèmi tiyín ni ọ̀pọ̀ àwọn kóòṣì wọ̀nyí, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Bí ọmọ yín bá bọ́ sọ́wọ́ èyí tó dáa, ẹ ti rí ṣe. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ èyí tó ń wá ife fún ọmọ tirẹ̀, orúkọ ńlá tó wà lára jẹ́sì ò lè gbà yín.

Orogún ilé kan: Richmond, London Scottish, London Welsh

Kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀ ní London tí ọ̀rọ̀ orogún ti dùn tó ti Richmond. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn dé ilé ẹgbẹ́ mẹ́ta. Richmond, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1861, àti London Scottish, ti ọdún 1878, jọ ń lo pápá kan ṣoṣo, Richmond Athletic Ground. Ìyàwó méjì nínú ilé kan ni wọ́n. Ní òdìkejì títì A316, London Welsh, ti 1885, wà ní Old Deer Park. Ibi tí Welsh wà yẹn, Rosslyn Park ló ti ń gbá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí Roehampton ní àárín àwọn ọdún 1950. Bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, kò sí èyí tí kò tíì sun yàrá èkejì rí.

Àwa Yorùbá tètè máa ń mọ ohun tí Scottish àti Welsh jẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni wọ́n. Àwọn ará Scotland àti Wales tó wá ṣiṣẹ́ ní London ló kó ara wọn jọ, bí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe máa ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá dé ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n lónìí, kò sí ẹni tó máa bi ọmọ yín pé ta ni bàbá rẹ̀ àgbà kó tó wọ jẹ́sì. Ìyàtọ̀ tó kù wà nínú ìtàn tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. London Welsh fún ẹgbẹ́ Lions ọdún 1971, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣà jọ láti England, Scotland, Wales àti Ireland, ní agbábọ́ọ̀lù méje, John Dawes tó jẹ́ balógun wọn sì wà lára wọn. Láàárín oṣù Kejìlá ọdún 2016 sí oṣù Kìíní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ wó lulẹ̀. Àwọn ọmọdé àti àwọn tí kì í gbowó ò kúrò ní Old Deer Park.

Láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà ò jìn ju ara wọn lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ò lè yanjú rẹ̀. Tí ọmọ yín bá wà lábẹ́ U9, ẹ mú un lọ síbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá wà. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo Sunday mẹ́ta, ọ̀kan ní ibì kan, kí ẹ wo ọmọ tó lọ́ra jù nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ yẹn ni kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Mo ti rí bàbá kan tó fi jẹ́sì Richmond wọ ọmọ rẹ̀ àgbà, tó fi ti Scottish wọ àbúrò, tó wá dúró ní àárín pápá méjì tí kò mọ èyí tí yóò wò.

Rosslyn Park àti ẹ̀tàn orúkọ ńlá

Rosslyn Park, ti 1879, wà ní Priory Lane, Roehampton, kò sì jìnnà sí Richmond rárá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé orogún ni wọ́n láti ọmọdé dé àgbà. Ọmọ pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ohun tó sì ń fa òbí lọ síbẹ̀ jù ni ìdíje Sevens (rọ́gíbì ẹni méje sí méje) ti àwọn ilé ìwé tí orúkọ ẹgbẹ́ náà wà lára rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1939.

Ẹ jẹ́ kí n tètè la ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ẹnì kan tí mo mọ̀. Ilé ìwé ló ń lọ sí Sevens yẹn, kì í ṣe ẹgbẹ́ àdúgbò. Ọmọ yín lè wà ní Rosslyn Park láti U7 kó má dé ibẹ̀ láéláé tí ilé ìwé rẹ̀ ò bá gbá rọ́gíbì. Ọmọ tí kò wọ ẹgbẹ́ kankan sì lè dé ibẹ̀ tí ilé ìwé rẹ̀ bá lọ. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ wakọ̀ láti Croydon.

Ẹ̀tàn orúkọ kejì ni ti ibi tí pápá wà. Ibùdókọ̀ ojú irin tó ń jẹ́ Westcombe Park wà ní apá Greenwich, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Westcombe Park ń gbá ní Goddington Dene, Orpington. London Irish wà ní Hazelwood, Sunbury, tó ti jáde kúrò nínú London. Ìyá kan tó wá láti Charlton sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ kí n tó yẹ máàpù wò." Ọmọ wà lọ́wọ́ wọn, òjò ń rọ̀.

Gúúsù ìlà-oòrùn, níbi tí àwa ti pọ̀

Àwọn tó wà ní Woolwich, Thamesmead, Abbey Wood àti Peckham ló máa ń bi mí jù, orúkọ tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá ni Blackheath. Ẹgbẹ́ náà ti wà láti 1858. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1870, akọ̀wé Blackheath àti akọ̀wé Richmond jọ kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times pé kí gbogbo ẹgbẹ́ pàdé, kí wọ́n fẹnu kò sórí òfin kan. Nínú ìpàdé náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 1871, ni wọ́n dá RFU sílẹ̀, ẹgbẹ́ 21 ló wà níbẹ̀. Wasps, ẹgbẹ́ London mìíràn, ò sí níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ibòmíràn ni aṣojú wọn lọ, ẹgbẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ bá sọnù sọ́nà. Bí ẹ bá pẹ́ dé pápá ọmọ lọ́jọ́ Sunday, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti 2016 ni Blackheath ti ń gbá ní Well Hall, Eltham. Fún ẹni tí kò ní mọ́tò, ìyẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìtàn wọ̀nyí lọ: bọ́ọ̀sì 161 ń gba Well Hall Road kọjá láti Woolwich, ibùdókọ̀ ojú irin Eltham náà ò jìnnà. Ẹ fi wé Westcombe Park ní Orpington, tó ní pápá tó dùn ún wò, ṣùgbọ́n tí ẹ ó nílò mọ́tò tàbí ọ̀rẹ́ tó ní mọ́tò ní Sunday tí ọkọ̀ ojú irin ò bá rìn dáadáa. Sidcup wà láàárín. Wọ́n jọ ń gbàlejò ara wọn, orogún Kent ni wọ́n, nítorí náà èyí tí ẹ bá yàn, ẹ ó lọ sí pápá àwọn tó kù ṣáá. Ìyẹn ni pé ìrìn-àjò tí ẹ sá fún lóṣù Kẹwàá lè dé bá yín lóṣù Kejì.

Fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ní U7 tàbí U8 láti Thamesmead, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo Well Hall, nítorí bọ́ọ̀sì nìkan. Ọmọ tó ń wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta kó tó dé pápá ò ní pé Kérésìmesì kó tó ní òun ò lọ mọ́, ìyá rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ ọ́.

Àríwá àti ìwọ̀-oòrùn

Ní àríwá, ibi tí wọ́n máa ń fi hàn mí ni Bramley Road, ní apá Cockfosters, níbi tí Saracens Amateurs wà. Ó yàtọ̀ sí Saracens tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ tó ń gbowó ní pápá tirẹ̀, èyí ni ti àdúgbò. Ní ìwọ̀-oòrùn, Ealing wà ní Vallis Way, Wasps sì wà ní Twyford Avenue, Acton.

Ẹ gbọ́ ohun kan nípa Wasps àti London Irish, torí òbí ń bẹ̀rù. Ilé iṣẹ́ tó ń darí ẹgbẹ́ Wasps tó ń gbowó ṣubú lóṣù Kẹwàá 2022. Ti London Irish dá dúró lóṣù Kẹfà 2023. Ọmọ tó ń gbá U8 ní Acton tàbí Sunbury kò pàdánù Sunday rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọdé tí àwọn òbí fọwọ́ ara wọn ń tì lọ kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà tí wọ́n bá ní "ẹgbẹ́ ńlá ló ni wá," ẹ bi wọ́n pé ta ló ni pápá, ta ló ń sanwó iná, ta ló ń di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ẹgbẹ́ tó ń lo pápá ìjọba ìbílẹ̀ wà pẹ̀lú. Hammersmith & Fulham, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1978, ń gbá ní Hurlingham Park, pápá tí gbogbo ará ìlú ń rìn kọjá. Ó dùn torí pé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọmọ tó ń kọjá lọ lè dúró wòran kó sì wọlé. Àléébù irú pápá bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo ni pé tí òjò bá pọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lè tì í, ẹgbẹ́ ò ní ohùn sí i.

Ẹ má tìtorí Itoje yan ẹgbẹ́

Gbogbo bàbá tó bi mí léèrè ló dárúkọ Maro Itoje, tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ Lions ní Australia lọ́dún 2025. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé Itoje ti tó ọmọ ọdún 11 kó tó bẹ̀rẹ̀, Harpenden, ìlú kékeré kan ní Hertfordshire, ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ orúkọ ńlá kankan tó gbé e ní U7. Àwọn tiwa míì ti wà ṣáájú rẹ̀: Adedayo Adebayo, tí wọ́n bí n'Ìbàdàn lọ́dún 1970, gbá fún Bath àti England. Topsy Ojo ti London Irish fi try méjì (try ni kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ẹ̀yìn orogún kó sì fi kan ilẹ̀) ṣí ojú ẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wọ jẹ́sì England, New Zealand ló sì dojú kọ, lọ́dún 2008. Ẹ lè fi wọ́n ṣe ìwúrí fún ọmọ. Ẹ má fi wọ́n ṣe máàpù.

Ọmọbìnrin

Títí dé U11, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jọ ń gbá. Tó bá di U12, àwọn ọmọbìnrin á ní ẹgbẹ́ tiwọn, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń kó pọ̀: U12, U14, U16, U18. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó dára fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ti lè já àbúrò rẹ̀ obìnrin sílẹ̀. Tèmi gbá dáadáa ní U11, ó ń gbé ọmọkùnrin tó ga jù ú lọ lulẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án dé, ẹgbẹ́ wa ò ní ju ọmọbìnrin mẹ́rin lọ. Ẹgbẹ́ orogún wa ló gbà wá. Lójú ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó bi mí pé ṣé òun á máa na àwọn ọ̀rẹ́ òun ni. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò ní ẹgbẹ́ ọmọbìnrin, ta ni yóò nà? Ìgbà yẹn ló gbà.

Ẹni tó bá ní ọmọbìnrin ọdún méje kó tètè béèrè nípa U12 báyìí. Maggie Alphonsi, tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, tó gba ife ayé pẹ̀lú England lọ́dún 2014, Saracens ló gbá fún. Nígbà tí àwọn obìnrin England tún gbà á ní Twickenham lóṣù Kẹsàn-án 2025, 81,885 ènìyàn ló wà lórí ìjókòó, èmi àti tèmi wà nílé níwájú tẹlifíṣọ̀n, òun sì ti wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ orogún wa àtijọ́ jókòó.

Ọ̀rọ̀ ìjọ

Sunday àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń kó ọmọ kéékèèké jọ, láti oṣù Kẹsàn-án wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Kò sí bí mo ṣe lè fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Pásítọ̀ wa bi mí lẹ́ẹ̀mejì ibi tí mò ń lọ. Àwọn kan ń lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ń pín in pẹ̀lú ọkọ tàbí aya, ọ̀sẹ̀ kan fún ìjọ, ọ̀sẹ̀ kan fún pápá. Ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni: tí ọmọ ò bá wá lọ́sẹ̀ méjì, ṣé wọ́n á jẹ́ kó gbá lọ́sẹ̀ kẹta? Ẹgbẹ́ tó bá fi ọ̀rọ̀ wá àìwá gún ọmọ ọdún mẹ́jọ lójú ò bá ilé wa mu.

Ohun tí ẹ ó wò lọ́jọ́ orogún

Ẹ dúró síbi tí àwọn òbí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ yàn dúró sí, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí ọmọ ẹlòmíràn, kì í ṣe sí tiwọn. Ẹ wo ìgbà tí adárí eré bá fún orogún ní bọ́ọ̀lù: ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òbí àbí kóòṣì?

Ohun kan wà tí mi ò fi ṣeré. Tí orí ọmọ bá gbá nǹkan, tí ojú rẹ̀ yí padà, òfin ni kí wọ́n mú un jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ padà lọ́jọ́ yẹn. Ìlànà ìjọba ọdún 2023 ní Britain ni pé kò gbọ́dọ̀ gbá ìdíje mọ́ kó tó pé ọjọ́ 21, ó kéré tán. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é tó bá jẹ́ ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù, tí wọ́n ń fi try kan sá ṣáájú, tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí kóòṣì bá kúnlẹ̀ wò ó lójú tó sì mú un jáde láìjanpata, ẹ lọ san owó ọdún yín. Tó bá ní "á dáa, máa sáré," ẹ padà sílé.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń gbà kí ọmọ wá dán an wò kí ẹ tó sanwó. Jẹ́sì àtijọ́ kan, ṣòkòtò kúkúrú àti bàtà tó dì mọ́lẹ̀ ti tó. Rọ́bà eyín ni kí ẹ ra tuntun, kí ẹ sè é nílé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára pákẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ gé e jẹ kó bá eyín rẹ̀ mu.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn Sunday tí wọ́n fi ọmọ mi ṣe adìgòmú, a lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n sì bá àwọn ará àtijọ́ wa pàdé. Kóòṣì tuntun yìí, obìnrin ni, wọ́n ní bébà kékeré kan nínú àpò, orúkọ ọmọ mọ́kànlá wà lára rẹ̀, wọ́n ń fi pẹ́ńsù sàmì sí i ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n nà wá dáadáa, try mẹ́fà sí ẹyọ kan. Nínú ọkọ̀, ọmọ ò dákẹ́ láti Eltham títí a fi délé, ẹrẹ̀ wà nínú etí rẹ̀. Nígbà tí mo wá kọ́kọ́rọ́ ilé nínú àpò kóòtù mi, rọ́bà eyín rẹ̀ ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà.